Ìyẹ̀fun Abẹ́ Àjà

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Ogójì ọdún ló fi kan òrùlé fún onílé.
Kò sí àdúgbò tí o lè bá a gbà kọjá, láti Tákíè dé Màsífà,
tí kò ní nawọ́ sí fèrèsé kan pé,
"Èmi ni mo kàn án. Irun mi dúdú nígbà náà."

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n ṣí ikùn rẹ̀,
wọ́n gé ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àpòlúkù rẹ̀ sọnù.
Ọkùnrin tó ń bu òkèlè bí ìkúùkù
wá ń fi ṣíbí ọmọdé lá ògì,
ní ìlú tí wọ́n ti ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan.
Ó rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ bá mi sọ fún àwọn baba ńlá mi
pé ọkà ti lọ o, ẹ̀kọ nìkan ló kù."

Dókítà Ládọkùn ní iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere,
ojú kò rí nǹkan kan mọ́, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan mọ́,
ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè ti rí i.
Ó ní bí jẹjẹrẹ tilẹ̀ sá pamọ́, ó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀,
DNA rẹ̀, àmì tí a fi ń dá a mọ̀ láàrin ẹgbàágbèje,
a máa léfòó nínú ẹ̀jẹ̀ bí…
Kò mọ bí yóò ṣe parí ọ̀rọ̀ náà.
Bàbá ló bá a parí rẹ̀:
"Bí ìyẹ̀fun tí kòkòrò ń dà sílẹ̀ lábẹ́ àjà.
O ò rí kòkòrò. Orí ìrọ̀rí lo ti rí ìyẹ̀fun."
Dókítà dákẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ìgò méjì. Ṣèìdátù tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wá iṣan títí
ní apá tó ti gbẹ bí pákó;
apá ló ń bẹ̀, kò bẹ ẹni tó ni apá.
Èmi ni mo gbé kúlà náà wọ mọ́tò,
mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun, yìnyín ń yọ́ sí mi lẹ́sẹ̀,
a ń já sí kòtò kan, a ń jáde sí òmíràn, lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn,
mo ń wí nínú ara mi pé, ẹ rọra, dẹ́rẹ́bà,
ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ló ń mì yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró.
Ẹ̀gbọ́n mi fóònù láti Kàdúná pé kí a má gba èsì náà:
"Ta ló ń bi ilẹ̀ léèrè ìgbà tí yóò gba òun?"
Mo bínú. Mo tún mọ̀ pé kò purọ́.
Bí ẹ̀jẹ̀ bá wí pé ó ṣẹ́ kù, ta ni yóò sùn?
Bí ó bá wí pé kò sí, ta ni yóò gbà á gbọ́ tán?

Jẹjẹrẹ ń jẹ. A pe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Díẹ̀ ni, wọ́n ní.
Ó tó ohun tó lè padà wá, kò tó ohun tí a fi ń dá ọjọ́.
Dókítà ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní gún ènìyàn.
Bàbá ní, "Má wá a mọ́. Bí mo bá rí ìyẹ̀fun,
n kì í ní ilé ti wó. Àkàbà ni mo ń gbé.
Mo ń fi ìka kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ́tí,
èyí tó bá dún bí igbá òfìfo ni mo ń pààrọ̀.
Ẹ gbé àkàbà yín."

Oògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.
Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èmi àti kúlà ń lọ sí Ìbàdàn.
N kò ní sọ pé mo mọ òpin rẹ̀.

Ìyá mi, tí a kò tíì sọ tán fún,
ń gbá ìyàrá wọn láàárọ̀ yìí.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka mú nǹkan funfun kan lẹ́bàá ibùsùn,
ó gbójú sókè.
"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilé káfíńtà náà ni kòkòrò wọ̀ yìí?"
N kò dáhùn. Mo lọ gbé àkàbà.